Ó nù ún kó tó sọ pé ó bàjẹ́: ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe síídì kan ní Ouando

Ẹ̀rọ síídì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ti ń kólòlò láti ìgbà ọyẹ́. Bí mo bá ki síídì bọ̀ ọ́, á kọrin geere fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ, títí ojú rẹ̀ á fi kọ NO DISC, ìyẹn ni pé kò rí síídì kankan. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e tọ̀ lọ kò tíì tú u wò tó ti ní lẹ́ńsì rẹ̀, èyí tó ń ka síídì, ti kú. Ó gba 12,000 fráǹkì lọ́wọ́ mi láti pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì pé tí àìsàn náà fi padà wá. Inú bí mi gan-an. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín, fi wú mi lórí.

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àwọn síídì yín." Ó ki ìka kan bọ ihò àárín ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò di etí rẹ̀ mú, ó sì dà á síhà ìmọ́lẹ̀ kí ojú ìka àti òróró tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lè hàn. Ó fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ rin aṣọ fẹ́lẹ́ kan, ó sì ń nù ún láti àárín tààrà wá sí etí, láìyí ọwọ́ po rárá. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí bí ẹni ń nu àwo oúnjẹ ni èmi ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ohùn tó wà nínú síídì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìkarahun ìgbín, láti àárín lọ sí etí. Bí nǹkan bá họ ọ́ ní ìdábùú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń sọnù lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ sì lè fi èyí tó kù ṣírò ohun tó sọnù, ṣùgbọ́n bí ìhọ náà bá bá ọ̀nà yẹn lọ gbọọrọ, ẹ̀rọ kò ní rí ohun tí yóò fi dí àlàfo náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ̀yìn síídì, níbi tí a ti ń kọ orúkọ, ló ṣẹlẹgẹ́ ju ojú tó ń dán lọ. Ike tó nípọn tó mìlímítà 1.2 ló bo ojú tó ń dán, ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn, ọ̀dà fẹ́lẹ́ lásán ló wà lórí alumíníọ̀mù tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bàbá mi a máa fi bíírò kọ nǹkan sẹ́yìn tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá náà gbé méjì nínú wọn sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yọ nínú wọn wínníwínní bí ojú asẹ́. Ìyẹn kò ní àtúnṣe.

Lẹ́yìn èyí ló wá tú ìdérí ẹ̀rọ. Eruku inú rẹ̀ kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Ó fẹ́ ẹ dànù, ó fi òwú tó rin sínú spírítì fọwọ́ ba lẹ́ńsì láìtẹ̀ ẹ́, nítorí orí wáyà tín-ín-rín ló dúró lé. Àṣírí àìsàn náà kò sí níbẹ̀. Gíríìsì àtijọ́ lójú irin tí lẹ́ńsì ń gbà rìn ló ti gan, àárín sì ni síídì ti ń bẹ̀rẹ̀ orin. Bí lẹ́ńsì bá ti ń rìn lọ síhà etí, á há síbi tó gan náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orin fi ń dáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó nu irin náà, ó fi gíríìsì funfun díẹ̀ kùn ún. 3,000 fráǹkì ni gbogbo rẹ̀, mo sì dúró tì í títí ó fi parí.

Mo kó síídì ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi wá pẹ̀lú. Èyí kì í ṣe irú tí a rà ní ọjà pẹ̀lú orin nínú. Òfìfo ni, tí a fi kọ̀ǹpútà kó ohùn sí. Aró ló ń di ohùn mú nínú irú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ lójú fèrèsé mi tí oòrùn ń pa á. Ó wò ó pẹ́, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tí ìnùnù lè ṣe sí èyí. Ẹ má fún mi lówó rẹ̀." Ó ní kí n gbìyànjú kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta kí n tó sọ ìrètí nù. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo gbìyànjú, a rí apá kan kó jáde, ohùn ìyá mi níbi tó ti ń ki ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀.

Àbùkù kan ni mo rí: ìta gbangba ni tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà, eruku zémidjan, àwọn ọ̀kadà wa, sì ń bà lé ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní òun ń wá owó ilẹ̀kùn onígíláàsì.