Ilé ìwòran họ́kì orí yìnyín ní Tánkẹ̀: àwòrán dára, iná ló ń bà á jẹ́

Bọ́ọ̀lù àwọn kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ òkèèrè ló gba gbogbo ilé ìwòran ní Ìlọrin. Ilé kan wà ní Tánkẹ̀ tó yà sọ́tọ̀: bí oṣù kẹrin bá ti ń parí, họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti Kánádà àti Swídìn nìkan. Ìdíje tó wà lábẹ́ ìpele òkè, èyí tí IIHF, àjọ họ́kì orí yìnyín àgbáyé, ń pè ní Division I Group A, ni wọ́n mú ní ọ̀kúnkúndùn. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló ń bá ara wọn fà á láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, eré márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí aṣekágbá. Tábìlì póìntì ló ń dájọ́: méjì á gòkè, ọ̀kan á já sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí eré tí gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ níye lórí, irú ìdíje yìí ni kó wá wò.

Àwòrán ni ká kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́ níbòmíràn. Pọ́ọ̀kì, róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 7.62 lọ, pápá yìnyín sì gùn tó mítà 60. Bí kámẹ́rà bá gba mítà 25 sójú kan, pọ́ọ̀kì á fẹ̀ tó píksẹ̀lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) mẹ́fà lórí àwòrán 1080p (bí nọ́ńbà yìí bá ti ń kéré sí i ni mímọ́ àwòrán ń dín kù). Lórí 480p kò ní pé mẹ́ta. Lórí 360p, méjì péré ni, bí wọ́n sì ṣe ń fún fídíò pọ̀ kó lè rọrùn fún détà á pa méjèèjì rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi fóònù wò ó níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lágbára kì í fi í rí ohun tí àwọn òṣèré ń lé kiri. Onílé yìí kì í lọ sí ìsàlẹ̀ 720p, ó sì máa ń yan èyí tó ní férémù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Pọ́ọ̀kì tó ń lọ ní kìlómítà 150 ní wákàtí kan á ti rin ju mítà kan ààbọ̀ lọ láàárín férémù kan sí èkejì bó bá jẹ́ 25 ni. Bó bá jẹ́ 50, kò ní tó mítà kan, ojú á sì lè tẹ̀ lé e.

Ó tún máa ń dín ìmọ́lẹ̀ pùròjẹ́tọ̀ kù. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi í wo bọ́ọ̀lù orí koríko, yìnyín á funfun débi tí ìlà pápá á fi ṣá, pọ́ọ̀kì á sì pòórá lẹ́bàá ògiri. Fèrèsé apá ìwọ̀-oòrùn nìkan ni kò tíì ní kọ́tìnnì tó nípọn, nítorí náà apá òsì aṣọ ìwòran kì í hàn dáadáa títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún.

Pátákó tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ póìntì sí wúlò púpọ̀. Ẹni tó bá borí láàárín 60 ìṣẹ́jú gba mẹ́ta. Ẹni tó bá borí ní àfikún àkókò tàbí pẹ́nárítì gba méjì. Ẹni tó pàdánù níbẹ̀ gba ọ̀kan. Láìsí ìmọ̀ yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Britain ní Budapest lọ́dún 2018, tí wọ́n máa ń tún fi fídíò rẹ̀ hàn, kò lè yé ènìyàn. Wọ́n na Slovenia 3-1, Kazakhstan nà wọ́n 6-1, wọ́n na Poland 5-3, wọ́n na Ítálì 4-3. Póìntì mẹ́sàn-án nìyẹn. Ó ku Hungary, tó gbàlejò ìdíje náà, póìntì kan ṣoṣo ni Britain sì ń wá kó lè gòkè. Ìṣẹ́jú-àáyá 15.8 ló kù tí Robert Farmer, òṣèré Britain, fi gbá góòlù wọlé, eré di 2-2. Hungary ló borí ní pẹ́nárítì, síbẹ̀ àwọn tó pàdánù ló ń dì mọ́ ara wọn, torí ọ̀kan tí wọ́n ń wá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Láti 1994 ni wọn kò ti dé ìpele òkè. Ítálì ló bá wọn gòkè.

Àtúnṣe kan kù lórí pátákó náà. Iye góòlù ni wọ́n ń kọ tẹ̀ lé póìntì, bí ìgbà tó jẹ́ bọ́ọ̀lù. Nínú ìdíje yìí, bí méjì bá ní póìntì kan náà, eré tí àwọn méjèèjì bá ara wọn ṣe ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, wọ́n á ṣe tábìlì kékeré fún eré àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èsì wọ̀nyẹn sí ẹ̀gbẹ́.

Iná ni ìṣòro ńlá. Bí iná bá lọ, títan jẹnẹrétọ̀ ń gba bí ìṣẹ́jú kan. Gílóòbù pùròjẹ́tọ̀ tó gbóná kì í tàn lójú ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù, ráútà náà á sì tún máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí gbogbo rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò, ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Irú góòlù ti Farmer á ti wọlé, àfikún ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n ń gbá ní òṣèré mẹ́ta sí mẹ́ta á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Owó ìwọlé ń wọlé, kò sì yẹ kí wọ́n fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. UPS 1000VA kan, àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró bí iná bá lọ, tó: pùròjẹ́tọ̀ ń jẹ bíi wáàtì 280, kọ̀ǹpútà alágbèéká 65, ráútà 12, àròpọ̀ rẹ̀ kò tó 360. Bí bátìrì bá dára, á gbé wọn dé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ á fi dúró dáadáa. Kí wọ́n má so fáànù tàbí sípíkà mọ́ ọn. Kí wọ́n sì fi jẹnẹrétọ̀ náà dán an wò ṣáájú, torí UPS kan kì í gba iná tó bá ń lọ sókè sódò. Á máa jẹ bátìrì ara rẹ̀ títí á fi kú.

Àkókò rọrùn láti mọ̀. Lásìkò yẹn nínú ọdún, aago Britain àti tiwa dọ́gba, ti Budapest àti Ítálì fi wákàtí kan ṣáájú. Eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ níbẹ̀, mẹ́fà ààbọ̀ ni níhìn-ín, èyí tó túmọ̀ sí pé Màgíríbì á bọ́ sí ìdá kìn-ín-ní nínú mẹ́ta tí wọ́n pín eré sí. Wọ́n máa ń dá fídíò dúró kí àwọn ènìyàn lè kírun, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú láti ibi tí wọ́n dé. Wàrà díndín oníata tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n ẹ rà á kí ìsinmi àkọ́kọ́ tó dé, torí ìṣẹ́jú 15 péré ni. Pẹ̀lú bí aago eré ṣe máa ń dúró, gbogbo rẹ̀ ń tó wákàtí méjì ààbọ̀, nítorí náà kí àwọn tó bá ti Ọ̀fà tàbí Ọ̀mù-Àrán wá ti wá ibi tí wọ́n á sùn sí, nítorí ọkọ̀ kì í pọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.