Nikon P950 l'Abẹ́òkúta: kámẹ́rà gidi, bátìrì àdàmọ̀dì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra Nikon P950 nílùú yìí kà á kó tó kówó jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gun Òkè Olúmọ. Àwòdì kan bà sórí àpáta nísàlẹ̀ ibi tí mo dúró sí, alángbá ló há sí èékánná rẹ̀. Mo fa lẹ́ǹsì dé òpin. Mo rí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sókè, mo rí ìrù alángbá náà tó ṣì ń jà. Ó tẹ orí ba, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹran náà, ni kámẹ́rà bá ṣú. Bátìrì ti kú. Bátìrì tí mo ṣáàjì mọ́jú!

Ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà sọ pé ó yẹ kó ya nǹkan bí àwòrán 290 kó tó kú. Tèmi kò dé ìdá mẹ́rin rẹ̀. Mo yọ ọ́ wò. EN-EL20a, orúkọ bátìrì Nikon tó bá kámẹ́rà yìí mu, ló yẹ kí wọ́n kọ sí i lára. Bébà kan tí etí rẹ̀ ti ń ṣí ni mo bá níbẹ̀, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀.

Láti ibẹ̀, mo wọ táásì, ó di ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní Pánṣẹ́kẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú kí mi dáadáa. Mo gbé bátìrì lé káńtà, kò fọwọ́ kàn án, ó ní ọ̀gá àwọn kò sí. Mo ní, ohùn ta wá ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn? Ọ̀gá bá jáde, ó ń nu ọwọ́ ọbẹ̀. "Mọ́mì, a kì í ṣe wáráńtì fún bátìrì." Mo ní n kò bèèrè wáráńtì, bátìrì tó wà nínú páálí ni mò ń bèèrè. Ó ní bóyá ilé mi ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ilé mi! Mo na rìsíìtì tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí i, "tuntun, pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú páálí." Ó kà á, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Mo dé ibẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó sún un di Tọ́sìdeè. Nígbà tó yá, kò gbé ìpè mi mọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ. Bí ọ̀gá ṣe padà sídìí oúnjẹ rẹ̀, ọmọ náà ki bátìrì mìíràn bọ kámẹ́rà náà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín síbí." Ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì ni. Nǹkan tí a fi ń súùmù wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti òkè, bọ́tìnnì kan sì wà nítòsí rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí lẹ́ǹsì bá ti dé 2000mm, ìyẹn òpin súùmù rẹ̀, kí ọwọ́ gbọ̀n díẹ̀ báyìí, ẹyẹ ti bọ́ lójú yín, ẹ ó sì máa wá a kiri ojú ọ̀run. Ọmọ náà ní kí n di bọ́tìnnì yẹn mú. Lẹ́ǹsì fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, gbogbo òpópónà fara hàn, àmì kan sì dúró láàárín tó ń tọ́ka ibi tí mò ń wò tẹ́lẹ̀. Mo tún àmì náà gbé lé orí wáyà iná níta, mo jọ̀wọ́ bọ́tìnnì, lẹ́ǹsì padà síbi tó wà. Mo pariwo ayọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń rẹ́ mi jẹ!

Kámẹ́rà náà wúwo, ó lé díẹ̀ ní kílò kan, bí lẹ́ǹsì bá sì ti yọ jáde tán, iwájú ni gbogbo ẹrù ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tó ń gbé lẹ́ǹsì náà ni àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí súùmù, ọ̀tún kò ní iṣẹ́ ju kó ya àwòrán lọ. Ẹni tó ṣètò yẹn mọ bí apá ṣe ń dun èèyàn.

Ohun tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ìka. Òun ló jẹ́ kí lẹ́ǹsì tó rí jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ṣeé gbé kọ́rùn, òun náà ni kò jẹ́ kí àwòrán ìrọ̀lẹ́ dára. Tí oòrùn bá ti mú, ẹ má fa súùmù dé òpin láti orí Olúmọ. Ooru orí páànù àwọn ilé àdúgbò Ìtòkú á mú kí gbogbo nǹkan máa mì bí omi, ẹ̀bi kámẹ́rà kọ́. Àárọ̀ lẹ́yìn òjò ni kí ẹ lọ. Mo ya fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké láti orí àpáta yẹn, àwọ̀ rẹ̀ sì yọ kedere.

Mo ti ránṣẹ́ ra ojúlówó bátìrì ní Ìkẹjà, owó àpò mi ni. Láti ìgbà náà, kámẹ́rà yìí kò já mi kulẹ̀, n kò sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú èyíkéyìí tí mo ti lò rí. Síbẹ̀, méjì nínú márùn-ún ni mo fún un, torí owó tí mo san, ti kámẹ́rà àti ti ojúlówó bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá yẹn bá fún mi ní EN-EL20a tàbí owó rẹ̀ ni mo máa yí máàkì yìí padà.