Mo Sọ Corolla Mi Wálẹ̀ n'Ífẹ̀, Kéèkì Ni Mo Fi Dán An Wò

Kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. ₦340,000 ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi sọ ọkọ̀ mi wálẹ̀ jẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin nìkan kó ₦220,000 nínú ẹ̀, ìyókù jẹ́ ti sípíríǹgì àti owó iṣẹ́. Owó aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títọ́ ojú táyà sọ́nà, kò sí níbẹ̀, ibòmíì ni mo ti ṣe ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ṣe é wà lọ́nà Oǹdó, níbí n'Ílé-Ifẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Kò ní pátákó kankan. Táyà tírélà kan tí wọ́n kùn ní funfun, tí wọ́n rì sílẹ̀ dé ìdajì, òun ni àmì ibẹ̀.

Kéèkì ni mò ń ṣe. Ti ìgbéyàwó, ti ọjọ́ ìbí, ti òkú àgbà. Ẹ kì í bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ojú ọ̀nà Iléṣà ni mo máa ń wà, kéèkì alájà mẹ́ta nínú búùtù. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ọkọ̀ tó bá mọ́lẹ̀. Ẹ má bi mí ní ìdí. Corolla 2005 tí mo rà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nàró bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé iṣu. Ìka mẹ́rin ń wọ àárín táyà àti fẹ́ńdà, àyè ṣì kù. Tí mo bá ti páàkì ẹ̀, mi ò kì í bojú wẹ̀yìn wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan, mi ò ní sọ ibi tó wà. Ó ní kò sí wàhálà. Ó fa gíráńdà yọ, ó gé ìyípo kan àbọ̀ kúrò lára sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan, ó gba ₦20,000, kò lò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú dídùn yẹn kò bá mi dé Òṣú.

Sípíríǹgì tí wọ́n bá gé, ṣe ló ń le sí i, torí ìyípo tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti dín kù. Tó bá jẹ́ mẹ́fà ló ní, tí wọ́n mú ọ̀kan kúrò, ó ti fi ìdá kan nínú márùn-ún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ṣì ṣe é gbé mì. Èyí tí kò ṣe é gbé mì ni pé ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ni wọ́n dá padà síbẹ̀, ọ̀pá ẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Rọ́bà kékeré kan wà lára ọ̀pá yẹn, kí irin má baà kan irin nígbà tí kòtò ńlá bá dé. Ọkọ̀ tèmi ti jókòó lé e tán. Kòtò kékeré, gbì! Bọ́ǹpù, gbì! Mo rò pé sípíríǹgì ni mò ń gùn. Àṣé rọ́bà ni mo gùn láti Ifẹ̀ dé Iléṣà.

Nígbà tí mo ṣí búùtù, àjà òkè kéèkì ìyàwó ti yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà ọ̀mùtí. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo ti fi áísìn tí mo máa ń mú dání lẹ̀ ẹ́, tí ìyá ìyàwó ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo dá ₦15,000 padà fún wọn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, fọganáísà mi ní Lágere ní kí n wá wo táyà iwájú. Ìta ẹ̀ ṣì ń dán, inú ẹ̀ ti yọ wáyà. Ọkọ̀ tó bá wálẹ̀, orí táyà á tẹ̀ wọnú, ojú ẹsẹ̀ á sì yà kúrò lọ́nà. Ẹni tó gé sípíríǹgì mi kò dárúkọ aláìmẹ́ǹtì fún mi rí.

Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe ọ̀gá ọ̀nà Oǹdó yìí. Bàbá àgbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ fẹ́ńdà, ó fi ọwọ́ tẹ orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní, “Mọ́mì, kí lẹ máa ń gbé?”

Mo ní kéèkì ni.

“Ẹ fẹ́ kó mọ́lẹ̀, ẹ tún fẹ́ fi gbé kéèkì?”

“Méjèèjì ni, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni àkọ́kọ́ kò bi mí ní nǹkan kan ju pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kó mọ́lẹ̀ tó.

Mo ní kó mú íǹṣì mẹ́ta kúrò. Ó kọ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, ó fi irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ iwájú mú hàn mí. Ó ní nínú ọkọ̀ bíi Corolla, tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ẹ̀ dúró ṣánṣán, irin yẹn kò gbọ́dọ̀ kọrí sókè jù. Tó bá kọrí sókè, ọkọ̀ á tún máa fì ní kọ́nà ju ìgbà tó ga lọ. Ó yà mí lẹ́nu, torí èrò mi ni pé bó bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ló ṣe máa di ilẹ̀ mú tó. A jọ fẹnu kò sí íǹṣì kan àbọ̀ níwájú, íǹṣì kan péré lẹ́yìn, nítorí ẹrù búùtù á ṣì tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀.

Sípíríǹgì tòkunbọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe ní kúkúrú ló wá. Ìyípo ẹ̀ fún mọ́ra lápá kan, ó jìnnà síra lápá kejì. Ibi tó fún ló ń gba kòtò kékeré, ibi tó jìnnà ló ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì KYB tuntun ló fi sí i. Ó ní fún íǹṣì kan àbọ̀, gígùn ti tẹ́lẹ̀ ṣì tó, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa wá kúkúrú. Ó sì gé rọ́bà ọ̀pá yẹn dín díẹ̀. Ohun kan tí mo kíyè sí: kò fún nọ́ọ̀tì irin ìsàlẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì. Ó kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó sínú ẹ̀, kó tó fún wọn pa. Tí wọ́n bá fún un pa lókè, ó ní, rọ́bà inú ẹ̀ á lọ́ pọ̀, kò ní pẹ́ já.

Àbúrò mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu pé coilover ló yẹ kí n rà, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì alápapọ̀ tí wọ́n ń yí sókè yí sísàlẹ̀. Ó dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti eruku pupa àdúgbò wa á di ojú ibi tí wọ́n ti ń yí i pa, owó náà sì tó ra ààrò kéèkì tuntun.

Mo dán an wò lọ́jọ́ Tuesday pẹ̀lú kéèkì alájà méjì tí mi ò fi igi kankan gún láàárín. Láti Lágere sí Mayfair, mo wọ inú ọgbà OAU lọ gun bọ́ǹpù wọn, mo wá gba ọ̀nà Iléṣà lọ ní ọgọ́ta. Ó ń le díẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tí mo rà á, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbá kòtò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń dákẹ́; kì í fò lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí mo ṣí búùtù ní Iléṣà, àjà òkè wà níbi tí mo gbé e sí. Ìka méjì ló ń wọ abẹ́ fẹ́ńdà báyìí, ó sì ń wù mí wò.

Ibi tó kù sí: tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó, sáléńsà ń họ bọ́ǹpù àdúgbò wa, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń gbé e gbà. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ méjì lòun máa lò, ó lo márùn-ún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo fi gbé kéèkì ọjọ́ ìbí kan lọ sí Mọdákẹ́kẹ́, mo gbé e lé itan. Kò sí rìsíìtì. Ẹ̀yìn òsì ń dún kí-kí-kí lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ, ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Kò ní ẹ̀rọ aláìmẹ́ǹtì, ẹ lọ ṣe é níbòmíì lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí ẹ bá lọ, ẹ bá mi bi àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ léèrè wíìlì sípánà mi. Ó ní tépù pupa lára.