Ìjánu ẹṣin Luristan ní British Museum

Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ṣùgbọ́n ẹ wọ bàtà tó rọrùn: òkè ni yàrá 52 wà. Ìjánu idẹ kan láti Luristan, ní ìwọ̀ oòrùn Iran, ló dá mi dúró. Ó tó bí 2,700 ọdún. Ẹranko abìyẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ihò wà ní ikùn wọn kí ọ̀pá ẹnu ẹṣin lè gbabẹ̀ kọjá. Ìda ni wọ́n fi ń mọ irú rẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á da idẹ sí i, bíi ti Ifẹ̀ gan-an. Abẹ́ orí òkú ni wọ́n ti bá òmíràn nínú sàréè. Ìrọ̀rí onídẹ, ẹ gbà mí! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa dà sídìí gíláàsì yẹn, ọmọ mi ń fà mí láṣọ pé ebi ń pa òun.