Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ilé Gbàǹjo Tó Bá Wa Dá Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́ Mọ̀ ní Birmingham

Ilé gbàǹjo kan wà ní àgbègbè Birmingham tó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ohun ìjà àtijọ́ wò, tí wọ́n sì ń sọ ohun tó jẹ́, ìgbà tí wọ́n ṣe é àti iye tó lè pa lọ́jà. Èèyàn lè fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè gbé nǹkan náà lọ bá wọn. Mo lo ọ̀nà méjèèjì lórí ìbọn ìléwọ́ kan tí àwọn káfíńtà bá lábẹ́ pákó yàrá òkè nígbà tí wọ́n ń tún ilé àtijọ́ tí a rà ṣe. Owó tí a san lórí ti àwòrán, owó tó wọgbó ni mo kà á sí.

Èsì wọn yá, àmọ́ kò jinlẹ̀. Wọ́n rí àmì adé àti ọ̀rọ̀ náà “TOWER”, orúkọ ilé ohun ìjà ìjọba ní London, lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ìbọn àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọn kò béèrè àwòrán abẹ́ ọ̀pá rẹ̀, irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bi wá bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀.

Ti ojúkojú yàtọ̀ pátápátá. Ọkùnrin àgbàlagbà tó gbà á lọ́wọ́ wa ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu ìbọn náà títí tó fi dúró, ó fi èékánná sàmì sí ibi tí igi bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ó yọ ọ́, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà lóde. Igi náà dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, a sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo. Ó ní ká ní ó kúrú ni, ọta àti ẹ̀tù ló wà nídìí rẹ̀, ẹ̀tù sì lè pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó ṣì gbiná.

Lẹ́yìn èyí ló tú ọ̀pá irin náà kúrò lára igi. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ìpáàrà kò dé, àmì méjì hàn kedere: ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn lábẹ́ adé, ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà BPC, èkejì pẹ̀lú V. Àmì ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù púpọ̀ dán ìbọn wò ní Birmingham ni, ilé tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1813, nítorí náà wọn kò lè ti tẹ àmì náà ṣáájú ọdún yẹn. Ó tún fi àwọn ihò tí wọ́n fi irin dí hàn wá, ẹ̀rí pé òkúta ló ń ṣáná sí i tẹ́lẹ̀, kí alágbẹ̀dẹ kan tó yí i padà sí èyí tí òòlù rẹ̀ ń lu kápù, ìdérí irin kékeré tó máa ń ṣáná bí a bá lù ú. “TOWER” ńkọ́? Kò sí àmì ọfà tí ìjọba máa ń tẹ̀ sára ohun ìjà tirẹ̀ lára rẹ̀ rárá. Àwọn oníṣòwò Birmingham a máa tẹ ọ̀rọ̀ náà sára ìbọn ọjà kó lè tà, títí kan èyí tí wọ́n ń kó lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Fún èmi tí mo ti rí ṣakabùlà léjìká àwọn ọdẹ wa, àlàyé yẹn nìkan tó owó ọkọ̀.

Ní ti òfin, ó sọ pé ní England, ìlànà ọdún 2021 gbà kí irú ìbọn tí a ń ki láti ẹnu yìí, tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, wà nílé láìsí ìwé àṣẹ, bí ó bá jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ gbàwé. A ti pe ọlọ́pàá lórí 101 kí a tó gbé e jáde, mo sì rọ gbogbo onílé láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fún wa ló kù díẹ̀ káàtó: ojú ewé kan ṣoṣo, láìsí àwòrán àwọn àmì abẹ́ ọ̀pá tó jẹ́ ẹ̀rí gan-an. Kí ẹni tó bá ń lọ ya àwòrán wọn fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tú u, kó sì kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago, nítorí onímọ̀ ìbọn wọn kì í wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.