Ẹ̀rọ Ìtẹ Bọ́tìnì Orí Bẹ́ǹṣì: Èyí Tó Yẹ Kí Télọ̀ Rà, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Dè É

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ Ojúde Ọba wá, ohun tí oníbàárà ń béèrè lọ́wọ́ télọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe bùbá àti ṣòkòtò nìkan mọ́. Wọ́n á ní kí wọ́n fi aṣọ náà gan-an bo bọ́tìnì. Wọ́n á ní kí wọ́n fi áílẹ́ẹ̀tì, òrùka irin tó ń di etí ihò aṣọ mú, sí ọrùn dàńṣíkí. Àwọn tó ń rán yunifọ́ọ̀mù àti báàgì ní Ṣàgámù náà ń wá pírẹ́sì bọ́tìnì, èyí tó ní akọ àti abo tí wọ́n ń tẹ̀ pa dé, tí kò ní já lẹ́yìn ìfọ̀ méjì. Òòlù àti irin ìtẹ bọ́tìnì lè ṣe ẹ̀wù kan tàbí méjì, àmọ́ kò lè ṣe ọgọ́rùn-ún kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ bẹ́ǹṣì ló lè ṣe é.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni ti Ṣáínà, irin dídà tí wọ́n sábà máa ń kùn láwọ̀ ewé, tó ní apá gígùn kan tí wọ́n ń fà wálẹ̀. Ká sọ ọ́ tààrà: ẹ̀rọ náà dára, ó sì tó télọ̀ tó ní ọmọṣẹ́ bíi mélòó kan. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ. Dáì ni, ìyẹn irin méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń fi bọ́tìnì sáàárín wọn tẹ̀, tàbí bọ́tìnì tí kò bá dáì mu. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá pọ̀, kó ra ẹ̀rọ tí kò wọ́n, kó fi ìyókù owó ra dáì tó péye àti bọ́tìnì tó jẹ́ idẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdìkejì èyí, tí wọ́n á wá máa bú ẹ̀rọ.

Kí ni ká sọ nípa píláyà ìtẹ bọ́tìnì? Ó wúlò fún bọ́tìnì oníke lára aṣọ ọmọ ọwọ́, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu píláyà máa ń yí bó ṣe ń pàdé, nítorí náà dáì òkè á dé orí bọ́tìnì ní ìdagun. Ike lè gba ìyẹn mọ́ra, irin kì í gbà á. Ti orí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan ni. Èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà pẹ̀lú, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ òun méjèèjì wà lára aṣọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá ló yẹ. Èyí tó ń lo afẹ́fẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó sanwó, ẹ di ọ̀pá ìsọ̀kalẹ̀ mú, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń jó nínú ihò rẹ̀, ẹ dá a padà, kò sí gírísì tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ wo ọrùn ẹ̀rọ, ibi tó tẹ̀ kọdọrọ, nítorí ibẹ̀ ni irin dídà ti máa ń sán, ọ̀dà sì lè bò ó. Ẹ fa apá rẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ jù ú sílẹ̀: sípíríǹgì gbọ́dọ̀ gbé e padà sókè fúnra rẹ̀, nítorí apá tó ń dá wálẹ̀ ń wá ìka ẹni tí yóò fọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìka de dáì òkè mọ́ ọ̀pá lójú yín. Ó gbọ́dọ̀ wọlé dé ìdí láìlo sípánà. Okùn síkúrúù inú ọ̀pá kì í ṣe ọ̀kan náà lára gbogbo ẹ̀rọ, dáì tí ẹ bá rà níbòmíràn sì lè kọ̀ láti wọ tiyín. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ ra ẹ̀rọ àti dáì níbì kan náà, ì báà ṣe Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà l'Ékòó lẹ ti fẹ́ rà á. Bọ́tìnì àti òwú ló rọrùn láti rí ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ẹ mú dáì yín dání tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ fi orí bọ́tìnì sínú rẹ̀ wò.

Ìwọ̀n bọ́tìnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Ligne ni àwọn tó ń ṣe é fi ń wọ̀n ọ́n: 40 ligne jẹ́ ínǹṣì kan, nítorí náà 20 jẹ́ bíi mílímítà 12.7, 24 jẹ́ bíi 15, 30 jẹ́ 19, 36 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23. Pírẹ́sì bọ́tìnì 20 àti 24 ló pọ̀ jù lára aṣọ. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn nínú ọ̀rá, àmọ́ orí 24 nínú dáì 20 á jókòó sétí, ẹ ó sì rí i tí àárín rẹ̀ á wọnú tàbí tí etí rẹ̀ á ha.

Ó kan dídè. Pákó bẹ́ǹṣì kò gbọdọ̀ tínrín ju ínǹṣì kan àbọ̀ lọ, kó sì jẹ́ igi líle bí ìrókò. Plywood tínrín máa ń tẹ̀, agbára tí ẹ fi ń fa apá á wá parí sínú pákó dípò orí bọ́tìnì. Òní á le, ọ̀la á rọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì wà, kì í ṣe àárín. Ẹ lu ihò já pákó, ẹ ki bóòtù bọ̀ ọ́, ẹ fi wáṣà ńlá sí abẹ́, kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì. Ìṣó àti síkúrúù onígi á tú láìpẹ́. Ibi tí apá ẹ̀rọ bá dé nígbà tó bá délẹ̀ kó wà ní déédéé ìgúnpá yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èjìká ló máa sanwó iṣẹ́. Ẹ má ṣe dè é mọ́ tábìlì maṣíìnì ìránṣọ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá dáì méjèèjì wojú ara wọn. Ẹ fi bébà funfun sórí dáì ìsàlẹ̀, ẹ gbé kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń kọ rìsíìtì lé e, kí ojú dúdú rẹ̀ kọ sí bébà. Ẹ rọra sọ dáì òkè kalẹ̀ títí tó fi kàn án. Bí àmì tó yọ bá jẹ́ òbìrí tó pé, tó dúdú dọ́gba yíká, ó ti tò. Bó bá dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, dáì ti yẹ̀. Síkúrúù ẹ̀gbẹ́ tó di dáì ìsàlẹ̀ mú ló sábà máa ń fà á: tí wọ́n bá fún un jù, ó máa ń ti dáì sí apá kan. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ yí dáì, ẹ fún un níwọ̀n, kí ẹ tún bébà tẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bí dáì òkè ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ gé àfọ́kù aṣọ tí ẹ fẹ́ lò, pẹ̀lú iye ìpele tó máa wà lára ẹ̀wù, kí sítéè rẹ̀, aṣọ líle tí wọ́n ń fi sínú láti mú un le, wà nínú rẹ̀. Ẹ lu ihò tó kéré díẹ̀ sí ọ̀pá bọ́tìnì, ìyẹn irin kékeré ara rẹ̀ tó ń gba inú aṣọ kọjá. Ẹ má fi ẹnu sáàsì gé e ní àgbélébùú, torí ibẹ̀ ni aṣọ á ti máa ya. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan. Bí kò bá dì, ẹ yí dáì òkè wálẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, kí ẹ tún òmíràn tẹ̀. Tó bá ti pé, ẹ fi nọ́ọ̀tì tì í pa. Ẹ̀rọ tí kò bá ní nọ́ọ̀tì ìtìpa, ẹ fi wáṣà tínrín sí abẹ́ dáì ìsàlẹ̀ láti gbé e sókè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó pé? Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka yí orí bọ́tìnì: kò gbọdọ̀ yí lórí aṣọ. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ wo inú abo: etí ọ̀pá gbọ́dọ̀ ká síta yíká, kó nípọn dọ́gba, kó má sán. Ẹ pa akọ àti abo dé: ó gbọ́dọ̀ dún tá, kó sì ṣí láìfa aṣọ ya.

Bí orí bá ń yí, kò tíì sọ̀ tó. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí etí rẹ̀ nípọn lápá kan tó sì tínrín lápá kejì, títẹ̀ síwájú sí i kò ní tún un ṣe: ọ̀pá ti gùn ju aṣọ lọ ni. Àǹkárá ìpele méjì kò tó fún ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún jíìnsì. Ẹ fi sítéè kún un, tàbí kí ẹ ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Bí etí ọ̀pá bá fọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀ka, irin náà gbẹ, tàbí dáì ti sọ̀ jù. Èyí tó máa ń rú àwọn ọmọṣẹ́ lójú ni bọ́tìnì tó dì dáadáa lára aṣọ àmọ́ tí kò gbà kí ẹ pa á dé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù: orí akọ ti wú, tàbí wáyà tínrín méjì inú abo ti rún. Bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ ti lọ. Ẹ gé etí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ yọ ọ́ láìfà á, kí ẹ fi tuntun sí i.

Gbogbo ìgbà tí aṣọ bá yí padà ni ìwọ̀n dáì ń yí padà. Àfọ́kù tó bá pé, ẹ kọ orúkọ aṣọ àti ìpele rẹ̀ sí i lára, ẹ so ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Aṣọ tó ń nà, bíi ti síngílẹ́ẹ̀tì, kò fẹ́ ọ̀pá rárá, torí ihò rẹ̀ á máa tú lọ. Bọ́tìnì eléyín yíká, tí eyín rẹ̀ ń gún aṣọ fúnra rẹ̀, ni kí ẹ lò fún un.

Bọ́tìnì tí wọ́n ń fi aṣọ bò ní dáì tirẹ̀, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ gé aṣọ ní òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bọ́tìnì: bíi mílímítà 28 fún 24, 35 fún 30, 42 fún 36. Ẹ dojú aṣọ délẹ̀ sórí ihò dáì, ẹ fi ìkarahun bọ́tìnì, orí rẹ̀ tó ṣófo nínú, tì í wọlé, ẹ ká etí aṣọ sínú, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn bọ́tìnì tẹ̀ ẹ́ pa. Léèsì oníhò máa ń jẹ́ kí irin yọjú, nítorí náà ẹ fi aṣọ tínrín aláwọ̀ kan náà sí abẹ́ rẹ̀. Aṣọ òkè ló le jù. Ó nípọn, etí rẹ̀ á kún inú ìkarahun, ẹ̀yìn kò sì ní wọlé. Bó tilẹ̀ wọlé, á fò yọ lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wọ̀ ọ́. Ẹ gé òbìrí rẹ̀ kéré sí i ní mílímítà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má sì lọ sí ìsàlẹ̀ 36. Ẹni tó bá ní dandan 24 lòun fẹ́ lára aṣọ òkè, ẹ bá a wá sányán tó tínrín tàbí kí ẹ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe.

Áílẹ́ẹ̀tì rọrùn ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹ má gbàgbé wáṣà rẹ̀ ní ẹ̀yìn, torí èyí tí wọ́n tẹ̀ láìní wáṣà á bọ́ lára aṣọ tó rọ̀. Òrùka ike ńlá ti kọ́tìnì kò nílò ẹ̀rọ, ọwọ́ lásán ló ń pa á dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta dáì rẹ̀ fún yín.

Ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré lọ sọ́jà. Bọ́tìnì tí mágnẹ́ẹ̀tì bá fà jẹ́ irin, bí wọ́n tilẹ̀ fi wúrà kùn ún. Tí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ha, á dípàáta nínú ìfọ̀, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì kúrò lára gínì funfun. Fún aṣọ dúdú tàbí báàgì, kò burú púpọ̀. Fún aṣọ funfun, idẹ ni.

Ọ́ìlì maṣíìnì ìkán kan sí ojú oríkèé apá ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ kan ti tó. Ẹ nu ọ̀pá ìsọ̀kalẹ̀ gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì méjì sára àfọ́kù, nítorí ọ́ìlì tó ṣẹ́kù lórí dáì yóò kọ́kọ́ dé ara léèsì àkọ́kọ́ tó bá wọlé.