Bunnings fún ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọsirélíà: ohun tó yẹ ní rírà àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ

Òfìfo ni ilé àyágbé sábà máa ń jẹ́ ní Ọsirélíà. Sítóòfù ìdáná lẹ máa bá níbẹ̀. Fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, bẹ́ẹ̀dì, títí dé ìkọ́ tí ẹ ó fi aṣọ kọ́, ẹ̀yin lẹ ó wá gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí Bunnings fi máa ń wà lára ilé ìtajà tí ìdílé tuntun kọ́kọ́ ń yà sí. Irinṣẹ́, ìṣó, ọ̀dà, pákó, gílóòbù, hítà, òdòdó, tábìlì àgbàlá, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan. Perth ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1886, ilé ìtajà ràgàjì bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí sì bẹ̀rẹ̀ ní Sunshine, Melbourne, ní 1994. Ilé iṣẹ́ Wesfarmers ló ni ín, àwọn náà ló ni ilé ìtajà Kmart àti Officeworks.

Ó yẹ kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀. Owó ọjà wọn kò gani lára, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì sábà máa ń mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ ni wọ́n máa tà fún yín, yálà òfin gbà yín láyè láti lò ó tàbí kò gbà yín. Ẹni tó ń gbowó kò ní bi yín bóyá ayálégbé ni yín.

Ògiri ló máa ń kó ayálégbé sí wàhálà jù. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a mọ̀ nílé kọ́ lẹ ó bá nínú yàrá. Plasterboard ni, pátákó ẹfun tí ó sábà nípọn tó mìlímítà 10, tí wọ́n kàn mọ́ òpó igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òpó kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 450 tàbí 600. Bí ẹ bá gbá ìṣó mọ́ àárín òpó méjì, ihò lẹ dá. Ohun tẹ́ ẹ bá fi kọ́ ọ á já bọ́ tòun ti ẹfun ògiri. Ní New South Wales, ìpínlẹ̀ tí Sydney wà, onílé lè gba owó ìdógò tó tó owó ilé ọ̀sẹ̀ 4, ihò ògiri sì wà lára ohun tí wọ́n lè yọ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ìṣó kankan, ẹ kọ́kọ́ kọ condition report yín dáadáa, ìwé tó ń sọ bí ilé náà ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ kó wọlé. Ọjọ́ 7 péré ni wọ́n fún yín ní New South Wales láti dá a padà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ihò tẹ́ ẹ bá bá nílẹ̀, kí ihò ẹlòmíràn má baà di tiyín.

Fún àwòrán àti ohun fẹ́ẹ́rẹ́, Command ni kẹ́ ẹ rà, ìkọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ ń bú u pé ó ń já, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni kò tọ́. Ẹ má fi ọṣẹ nu ògiri, nítorí ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Ọtí ìnuǹkan, rubbing alcohol, ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ sì dúró wákàtí kan gbáko kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà, ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ fa etí rẹ̀ sísàlẹ̀ gbọọrọ, ní pẹ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá fà á síwájú, ọ̀dà ògiri á bá a wá. Iye kílò tó lè gbé wà lára páálí rẹ̀, ẹ má kọjá rẹ̀.

Wọ́dúróòbù àti kọ́bọ́ọ̀dù onídúróọ̀ yàtọ̀. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ó yẹ kẹ́ ẹ dè wọ́n mọ́ ògiri, nítorí ọmọ á fa dúróọ̀ bíi mẹ́ta jáde, á gùn ún, ohun gbogbo á sì ya lù ú. Ẹ ra okùn ìdè rẹ̀ àti ẹ̀rọ kékeré tó ń wá òpó igi lẹ́yìn ògiri, inú òpó sì ni kẹ́ ẹ de screw sí. Ẹ kọ̀wé sí onílé kọ́kọ́. Ní New South Wales, kò lè ṣàdéédé kọ̀ nígbà tó bá jẹ́ ààbò ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ọjọ́ orí ilé náà. Asbestos lè wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1990, pàápàá lára ògiri ilé ìwẹ̀ àti ibi ìfọṣọ. Ẹ má lu irú ògiri bẹ́ẹ̀ láéláé. Eruku rẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Iná tún wà ńbẹ̀. Fóltéèjì Ọsirélíà bá ti Nàìjíríà mu, 230V ni. Ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì nìkan ló yàtọ̀. Bunnings ń ta sọ́kẹ́ẹ̀tì, swíìṣì àti wáyà ní gbangba, wọ́n tún kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé oníṣẹ́ iná tó ní láísẹ́ǹsì nìkan ló lè so ó. Kì í ṣe ìkìlọ̀ lásán. Pípààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra yín lòdì sófin, bí ọwọ́ yín tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa ní Abẹ́òkúta. Gílóòbù lẹ lè pààrọ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé àyágbé bá bàjẹ́, ẹ kọ̀wé sí aṣojú onílé. Onílé ló ni àtúnṣe rẹ̀.

Òtútù wá ńkọ́? Ẹni tó bá dé Melbourne ní oṣù Keje, ẹnu á yà á pé inú ilé lè tutù tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé. Hítà ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ rà, ohun tí ì bá ṣáájú sì ni rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn àti tépù onífóòmù tí a ń lẹ̀ yí fèrèsé ká. Ẹ wọn fífẹ̀ ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ fi ayùn gé rọ́bà náà bó ṣe yẹ. Ó kéré lówó ju iná tí hítà á jẹ lọ. Bí ẹ bá wá fẹ́ ra hítà olóròóró, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: 2400W ni èyí tó tóbi jù sábà máa ń jẹ, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10A tó wà lára ògiri kò sì gbé ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ara ògiri ni kẹ́ ẹ ki í mọ́ tààrà. Ẹ má ṣe ki í mọ́ bọ́ọ̀dù onísọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ kan náà pẹ̀lú kẹ́tù. Hítà onígáàsì tí wọ́n ṣe fún àgbàlá kò gbọdọ̀ wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ ni ààrò eléèédú. Èéfín olóró rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ẹ̀ka òdòdó ni ó wuni jù. Nígbà ìrúwé, ẹ máa rí ọmọ ata rodo níbẹ̀. Habanero ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwọn ará Melbourne kì í gbin tòmátì àti ata síta títí di ìgbà eré ẹṣin Melbourne Cup, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, nítorí òtútù òru máa ń pa á. Ará Brisbane lè ti gbìn ín tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irúgbìn ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ láti ilé, wọ́n lè gbà á ní ẹnubodè. Wọ́n ń ta irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ní Ọsirélíà, amaranth ni kẹ́ ẹ béèrè. Iyẹ̀pẹ̀ inú àpò, potting mix, ní tirẹ̀, kò ṣeé fọwọ́ lásán kó. Kòkòrò Legionella máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ ṣí àpò náà jìnnà sí ojú, ẹ wọ́n omi sí i kí eruku má gbé, ẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ní àmì tíìkì pupa ni ojúlówó; olówó pọ́ọ́kú kò ní oúnjẹ tó fún ata.

Tí ooru bá dé, wọ́n á kó odò ìwẹ̀ onírọ́bà sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Èyí tó bá lè gba omi tó jìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, òfin ní kẹ́ ẹ mọ ọgbà yí i ká. Ọgbà náà wọ́n ju odò fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ ra èyí tí kò jìn, kẹ́ ẹ sì da omi rẹ̀ nù lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti wẹ̀ tán.

Bunnings ṣèlérí pé bí ẹ bá rí ọjà kan náà ní owó tó dín níbòmíràn, àwọn á tún fi ìdá 10 nínú 100 dín in sí i. Ìlérí tó dára ni, ṣùgbọ́n kò wúlò fún Ozito àti irú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé Bunnings nìkan ló ń tà á. Tẹ́ ẹ bá ń ra dírìlì Ozito, ẹ wo ara páálí: èyí tí wọ́n kọ skin sí kò ní bátìrì, kò sì ní ṣájà. Ẹ pa rísíìtì mọ́. Òfin oníbàárà Ọsirélíà fún yín ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe, pààrọ̀ tàbí owó yín bí ọjà bá ní àbùkù, kódà tí gáráńtì orí páálí bá ti tán. Tẹ́ ẹ bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orúkọ ẹni tó ń tà á, nítorí ilé iṣẹ́ mìíràn náà ń tajà lórí ojú ewé wọn.

Sọ́séèjì tí wọ́n ń yan lẹ́nu ọ̀nà ní òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ti Bunnings. Ẹgbẹ́ àdúgbò, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ eré ìdárayá ló ń tà á láti kó owó jọ, $3.50 ni láti 2022: búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, sọ́séèjì kan, àlùbọ́sà lábẹ́ rẹ̀. Láti 2018 ni Bunnings ti ní kí àlùbọ́sà máa wà lábẹ́, kó má baà já bọ́ sílẹ̀ kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ yọ̀. Àwọn ará ìlú ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè tètè mọ àwọn òbí tí ọmọ wọn àti ọmọ yín jọ wà ní kíláàsì. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ béèrè bóyá hàláàlì ni, kẹ́ ẹ sì wo ohun mìíràn tó wà lórí irin kan náà.